Ọdẹ Tí Ń Fọn Fèrè Láìsí Olè

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ lé lórí ni ìjáyà òjijì àti àìbalẹ̀ ọkàn. N kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ni mí; iṣẹ́ náà ni mo ṣe ní Sùúrùlérè títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín, lẹ́yìn náà ni n ó wá ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, èmi ni mo sì ń ṣọ́ wọn. Kò pẹ́ tí a pín ìbéèrè tán tí mo fi rí ọmọkùnrin kan tí òógùn bò, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ń yí lókè orí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi bọ́ sílẹ̀. Ó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n jáde, n kò lè mí.” Èrò tèmi ni pé ó ti fi ìwé kan pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé tí ó fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Mo ní kí ó jókòó. Nígbà tí ó tún bẹ̀ mí, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò kàwé ni ìdánwò máa ń fún lọ́rùn. Ọmọ náà sá jáde. Kò padà wọlé, kò sì wá ṣe èyí tí ó kù nínú ìdánwò náà. Ọmọ tí ó máa ń gba ipò kejì tàbí ìkẹta nínú kíláàsì rẹ̀ ni.

Ó ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà kí ó tó kan èmi pàápàá. Mo wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, mò ń lọ sí Yábàá. Mẹ́rin-mẹ́rin ni a jókòó, ọkọ̀ sì há mọ́ ara wọn, a kò tí ì dé Tẹ̀júoṣó. Kò sí ẹni tí ó bú mi, kò sí olè, kò sí ìjàǹbá. Lójijì ni àyà mi já. Ọkàn mi ń lù kìkì, ọ̀nà ọ̀fun mi fún, ìka ọwọ́ mi ń ta mí ṣínṣín, gbogbo ohun tí ó yí mi ká sì jìnnà sí mi bí ohun ojú àlá. Nǹkan méjì ni mo ń rò: bóyá mo ń kú lọ ni, tàbí orí mi ni ó ń dà rú. Mo kígbe pé “Ó wà o!” kí awakọ̀ tó dúró, mo já bọ́ sílẹ̀, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá kan tí ń ta omi fún mi ní omi mu. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra máa mí. Kò sí ohun tí yóò ṣe yín.” Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ohun gbogbo fi rọlẹ̀. Bí mo ti jókòó níbẹ̀ ni mo rí ojú ọmọ náà lọ́kàn mi. Òógùn kan náà ni. Ọwọ́ gbígbọ̀n kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: “N kò lè mí.”

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn kò rí àrùn kankan níbẹ̀. Dókítà wá ní kí n lọ rí àwọn tí ń tọ́jú ọpọlọ ní Yábàá. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ lẹ́nu wa. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá etí mu, a ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí “Yaba Left”, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà n kò lọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi pa àrùn mọ́ra. N kò wọ dánfó mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́. N kò gba orí Afárá Èkó kọjá mọ́. N kò lọ sí òde ìnáwó mọ́, nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ayé mi kù sí, ẹ̀rù sì tún ti ń bà mí láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí: ìjáyà fúnra rẹ̀ kì í pa ènìyàn, sísá fún un àti fífi í pamọ́ ni wọ́n ń gba ayé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Kí ni ìjáyà yìí ná? Ẹ jẹ́ kí n fi ọdẹ àdúgbò ṣe àpèjúwe. Ní Múṣin níbi tí mo dàgbà sí, a máa ń gba ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ òpópónà lóru. Fèrè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá rí olè, yóò fọn fèrè, gbogbo ilé yóò sì jí. Àwọn kan yóò mú àdá, àwọn mìíràn yóò ti ilẹ̀kùn. Èyí dára, bí olè bá wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ológbò ni ó fo ògiri tí ọdẹ sì fọn fèrè, bákan náà ni àdúgbò yóò ṣe jí. Ariwo kan náà ni, àdá kan náà ni. Olè nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ara olúkúlùkù wa. Ẹlẹ́dàá fi í síbẹ̀ kí ọkọ̀ má baà pa wá, kí ejò má baà bù wá ṣán. Bí ó bá ti fọn fèrè, àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lókè kíndìnrín yóò tú oje kan tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kíkankíkan kí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ tí yóò sáré. Èémí yóò yára. Òógùn yóò bo ara kí ara má baà gbóná jù. Ẹni tí ń sá fún màlúù tí ó já okùn kò ní kíyè sí nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tàbí sínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò rí ibi tí yóò lo agbára náà sí. Yóò máa mí ju bí ó ti yẹ lọ, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì dín kù. Èyí ni ó fà á tí òòyì fi ń kọ́ ni tí ìka ọwọ́ sì ń ta ni. Onítọ̀hún yóò wá bi ara rẹ̀ pé, “Kí ni ó ń ṣe mí yìí? Ṣé bí mo ṣe máa kú nìyí?” Ìbéèrè yẹn gan-an di olè mìíràn lójú ọdẹ. Yóò tún fọn fèrè. Bí ìjáyà ṣe ń bí ìjáyà nìyẹn. Síbẹ̀, ara kò lè máa sá eré náà títí. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ìjáyà máa ń dé góńgó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa rọlẹ̀, yálà a sá tàbí a kò sá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àrùn ojo ni. Ní ọdún 1871, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Da Costa, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tí ó tọ́jú nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn. Àyà ń dùn wọ́n, ọkàn wọn ń lù kìkì, èémí wọn kò délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àrùn nínú ọkàn púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ya àrùn ìjáyà sọ́tọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn ọpọlọ mọ̀.

Àwa Yorùbá náà kò ṣàìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn àgbà ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní ọdẹ orí. Ẹni tí ó ń ṣe yóò sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, pé etí òun ń hó, pé àyà òun ń já. Ní ọdún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákanjúọlá gbé ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí, ó sì hàn pé ìsoríkọ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn wà lára ohun tí àwọn dókítà ń rí nínú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ìjáyà ni gbogbo ọdẹ orí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí mo gbọ́ orúkọ náà, mo rántí ọdẹ Múṣin àti fèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara mi sì yé mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò ní yé wọn. Orí yóò máa ta wọ́n, ojú wọn kò ní ríran dáadáa, yóò sì dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn lórí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní “brain fag”, wọ́n ní ìwé àkàjù ni ó fà á. Ní ọdún 1994, orúkọ náà wọ inú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí ó jẹ́ ti àwọn ènìyàn kan. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọdún 2013, wọn kò fi í sí i mọ́. Orúkọ lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àkókà tàbí ní Yábàá Tẹ́ẹ̀kì mọ̀ pé ohun tí ń fà á kò tí ì lọ. Ìyá ta ìró rẹ̀, ẹ̀gbọ́n dá owó, gbogbo ẹbí ń retí. Ọmọ tí ó gbé gbogbo wọn sórí wọ gbọ̀ngàn ìdánwò kò dá nìkan wọlé; gbogbo ilé wọn ni ó bá a wọlé.

Báwo ni a ṣe lè bá a gbé, kí a sì borí rẹ̀? Èkíní, kí a kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Àyà dídùn lè jẹ́ ti ọkàn ní tòótọ́. Ikọ́ fée lè fún ni ní èémí. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tí a ń pè ní gẹ̀gẹ̀ sì lè mú kí ọkàn máa sáré. Kí wọ́n yẹ àwọn wọ̀nyí wò ná.

Èkejì, bí a bá ti mọ̀ pé ìjáyà ni, kí a máa pè é ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá dé: “Ìjáyà ni èyí. Mo ti rí i rí. Yóò lọ.” Kí a má ṣe bá a jìjàdù. Kí a fi imú fa èémí díẹ̀díẹ̀ títí tí a ó fi ka ení dé ẹẹ́rin, kí a sì rọra fi ẹnu tú u jáde títí dé ẹẹ́fà. Bí èémí bá ti ń falẹ̀, ọdẹ yóò mọ̀ pé kò sí olè.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, òun náà ni ó sì ń wo ni sàn jù: kí a má ṣe sá. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí a bá sá fún ekòló, ọdẹ inú wa yóò gbà pé ejò ni ní tòótọ́. Nígbà tí mo lọ sí Yábàá níkẹyìn, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa padà lọ bá ohun tí mò ń sá fún ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo kàn ń lọ dúró ní ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba ni, n kò wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ dé Barracks, mo sì bọ́ sílẹ̀. Ọkàn mi ń lù, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo dé Sítédíọ̀mù. Lẹ́yìn náà Kọ́stéènì. Ní ọjọ́ kan mo gba orí Afárá Èkó kọjá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ ohun tí ń ru ọdẹ sókè. Èròjà tí ó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi wọ́n lé oorun lọ ní òru mẹ́ta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ti ń wá ìjáyà kiri. Ọtí kì í wò ó. Bí ó bá dá lójú, ìjáyà yóò padà. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe lọ ra oògùn tí ń mú ara rọ̀ ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, nítorí pé ó rọrùn láti di ẹrú rẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà lè kọ fún ni, tí wọ́n gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, tí a kò sì gbọdọ̀ dédé fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà. Èmi náà gbà á. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tàbí tí wọ́n ń fi pàṣán lé ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀mí jáde, kí a tètè gbé ènìyàn wa kúrò níbẹ̀.

Ní ti orúkọ Yábàá tí ó dá mi dúró fún oṣù mẹ́jọ, ó ní ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tí a ń kó àwọn tí wọ́n pè ní wèrè sí. Ìtìmọ́lé ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ìwòsàn kọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé ìbẹ̀rù rẹ̀ di àjogúnbá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun ní Aro. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé aláìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹni àtìmọ́lé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ti wà láti ìgbà amúnisìn, tí ó sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀. Ní Harvey Road tí ilé ìwòsàn náà wà títí di òní, ohun tí mo rí nígbà tí mo wọlé ni àga, káàdì, àti àwọn ènìyàn bí èmi tí ń dúró kí wọ́n pe orúkọ wọn. Akọ̀wé wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́jà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí a rí dókítà tán, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín ni n ó fi kádìí rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń gbọ̀n tí ó ní òun kò lè mí, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí alámòójútó kan bá a jáde, kí ó fún un ní omi, kí ó jókòó tì í, kí ó bá a mí, kí ó sì mú un padà wọlé nígbà tí ó bá ti rọlẹ̀. Èyí kò ní kí a má ṣọ́ ìdánwò. Ẹni tí ó bá a jáde ń ṣọ́ ọ, ó sì tún ń ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Kí ìdánwò tó dé, ẹ mú wọn lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ojú wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ sì sọ fún wọn pé àyà jíjá kì í ṣe àmì pé ènìyàn ya òmùgọ̀.

Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Nígbà tí ara mi yá, mo wá ọmọ yẹn lọ sí ilé wọn ní Ìdí-Òrò ní Múṣin. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Mo sọ ohun tí ó ṣe mí nínú dánfó fún un, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí mo tó bàbá rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin náà, sà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun rò pé òun nìkan ni ó ń ṣe ní gbogbo Èkó.

Mo bá a dé Yábàá. Ní ọdún kejì, ó padà jókòó fún ìdánwò náà. Ó sọ fún mi pé ìjáyà tún dé bá òun ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n òun kò dìde. Ó fi bírò sílẹ̀, ó mí, ó dúró kí ó kọjá, lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó sì kọ èyí tí ó kù.

Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Bí ó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ ń ṣe ẹnì kan tí ń gbọ́ mi ní alẹ́ yìí, kí ó sọ fún ẹnì kan kí ilẹ̀ tó mọ́.